Bí A Ti Ń Ṣọ́ Oríkèé Ajá Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Ajá tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kì í pẹ́ mọ bí a ti ń fi mẹ́ta rìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀pọ̀ wọn a ti máa sáré kiri, ẹni tó ń sìn wọ́n a sì gbà pé wàhálà ti tán. Ní tèmi, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ojú ibi tí wọ́n gé yóò jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù ni yóò máa gbé ẹrù ẹsẹ̀ mẹ́rin títí ajá náà yóò fi darúgbó, oríkèé wọn ni ó sì yẹ kí a máa ṣọ́.

Nígbà tí ajá bá dúró sórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ ni ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ń gbé, tí ti ẹ̀yìn sì ń gbé 40 tó kù. Bí ajá bá wọn kílò 20, ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan ń gbé bíi kílò 6, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń gbé bíi 4. Ìdí nìyí tí gígé ẹsẹ̀ iwájú fi máa ń ni ajá lára ju gígé tẹ̀yìn lọ. Ẹsẹ̀ iwájú kan tó ṣẹ́ kù a máa yà sí abẹ́ àárín àyà, ajá a máa ju orí sókè sódò bó ti ń rìn, oríkèé tó ṣe déédéé ọrùn ọwọ́ ènìyàn a sì máa tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ tẹ̀yìn ni wọ́n gé, ajá a máa ti ìwúwo rẹ̀ síwájú, iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ a máa le, orúnkún kan tó kù lẹ́yìn ni ó sì yẹ kí a bẹ̀rù fún jù lọ, torí pé bí iṣan tó so eegun orúnkún yẹn pọ̀ bá já, kò sí èkejì tí yóò gbà á dúró.

Ẹ má ṣe dúró de igbe. Ajá tí oríkèé ń ro kì í sábà ké. Ìṣe rẹ̀ ni ó máa ń yí padà. Ẹ wò ó ní àárọ̀ kí ẹ tó pè é. Bí ara rẹ̀ bá dá, yóò na iwájú, yóò na ẹ̀yìn, yóò sì dìde lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí oríkèé ń ro yóò gbé àyà sókè, yóò tún fi í lélẹ̀, yóò wo ọ̀dọ̀ yín, kí ó tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ìṣísẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò sì le gbagidi kí ara tó dẹ̀. Àwọn mìíràn a máa lá ojú kan ṣoṣo títí irun ibẹ̀ yóò fi pọ́n, ẹsẹ̀ wọn a máa gbọ̀n bí wọ́n bá dúró pẹ́, wọ́n a jókòó lójú ọ̀nà láìnídìí, wọ́n a máa mí hẹlẹhẹlẹ lóru tí ooru kò sì mú, tàbí kí wọ́n kùn mọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kan ìbàdí wọn. Ẹ máa fi fóònù ya fídíò ìrìn rẹ̀ lójú ibì kan náà lóṣooṣù, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, nítorí ajá tó ń tiro nílé lè má tiro rárá níwájú dókítà ẹranko, níbi tí ẹ̀rù ti mú ara rẹ̀ wà lójúfò.

Bí wọ́n bá ní kí n yan ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ìtọ́jú yìí, ìwúwo ara ni n ó yàn, ṣáájú oògùn àti ṣáájú ohunkóhun tí a lè rà. Kì í ṣe ẹrù nìkan ni ọ̀rá ń dì lé oríkèé. Òun fúnra rẹ̀ ń tú àwọn èròjà tó ń mú oríkèé wú sínú ara. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, wọ́n pín ajá Labrador 48 sí méjì láti kékeré, wọ́n sì ń fún apá kan ní oúnjẹ tó fi ìdá 25 nínú 100 kéré sí ti àwọn yòókù. Àwọn tí oúnjẹ wọn kéré lo nǹkan bí ọdún 2 láyé ju àwọn yòókù lọ, oríkèé wọn sì pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ọwọ́ yín tó láti fi dán èyí wò. Ẹ tẹ́ ọwọ́ òsì, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀, kí ẹ fi ìka ọ̀tún ra ẹ̀yìn ọwọ́ náà níbi tí àwọn ìka ti bẹ̀rẹ̀: bí ó ti yẹ kí eegun ìhà ajá rí lábẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Bí ìhà rẹ̀ bá dà bí àtẹ́lẹwọ́, ó ti sanra jù. Bí ó bá dà bí orí ẹ̀ṣẹ́ tí a dì, ó ti rù jù. Kò dìgbà tí ajá tó sanra bá fọn tán kí ó tó jàǹfààní, torí pé bí ìwúwo rẹ̀ bá ti fi ìdá 6 sí 8 nínú 100 dín, títiro rẹ̀ a ti máa dínkù. Ẹ wọn oúnjẹ rẹ̀, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀, kí ìpápánu má sì ju ìdá 10 nínú 100 oúnjẹ òòjọ́ lọ. Èyí ni ibi tó le jù, nítorí àánú ajá tó gé lẹ́sẹ̀ máa ń ṣeni, oúnjẹ ni a sì máa ń fi ṣàánú.

Nínú ilé, ilẹ̀ tó ń yọ̀ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà láti ibùsùn rẹ̀ dé ibi omi àti ẹnu ọ̀nà, ẹ máa gé èékánná rẹ̀ kí ó má baà máa kanlẹ̀ nígbà tó bá dúró, kí ẹ sì gé irun tó hù sí àtẹ́lẹsẹ̀. Orí fóòmù tó nípọn ni kí ó máa sùn. Bí kò bá ní ẹsẹ̀ iwájú kan, ẹ gbé àwo rẹ̀ ga díẹ̀. Fífò bọ́ sílẹ̀ láti orí àga tàbí inú ọkọ̀ ń ba oríkèé iwájú jẹ́ gan-an; ẹ gbé pákó gígùn tó dagẹ̀rẹ́, tí a lẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́ lórí, síbẹ̀.

Ìsinmi àsinmijù kì í ṣe ìtọ́jú, nítorí iṣan tó lágbára ni ó ń bá oríkèé gbé ẹrù. Ìrìn ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ sàn ju wákàtí kan gbáko lọ, èyí tó sì burú jù ni kí ajá sùn láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè kí a wá mú un sáré títí ní Sátidé. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọkàn sí: rírìn jẹ́jẹ́ le fún ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ju kí ó yára lọ, torí pé eré díẹ̀ ni ó fi ń rí ìdúró rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi okùn fà á sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ó lọ díẹ̀, kí ó dúró gbóòórùn ilẹ̀, kí ó tún lọ. Èmi kì í ju bọ́ọ̀lù fún irú ajá bẹ́ẹ̀, nítorí yíyí bìrí àti dídúró lójijì wà lára ohun tó ń ṣe orúnkún léṣe. Lílúwẹ̀ẹ́ dára, bí a bá wọ ẹ̀wù tó ń mú ara léfòó fún un, nítorí ara rẹ̀ lè fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú omi.

Ní alẹ́, nígbà tó bá ti dùbúlẹ̀, ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé èjìká tàbí itan rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́kọ́ fi kan ara tiyín wò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ kan di òkè oríkèé mú, ẹ fi èkejì di ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ká a, ẹ sì nà án pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìgbà 10. Ibi tí ajá bá ti yí orí padà wo ọwọ́ yín ni ààlà wà. Bí oríkèé bá wú tó sì gbóná, ẹ fi èyí sílẹ̀ títí dókítà yóò fi rí i.

Ní ti oògùn, carprofen tàbí meloxicam, tó ń dín ìrora àti wíwú kù, ni dókítà ẹranko sábà máa ń kọ́kọ́ yàn, ó sì yẹ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá wò ṣáájú àti látìgbàdégbà nítorí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Bí ajá bá ń bì, tí kò jẹun, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ẹ dá oògùn dúró kí ẹ pe dókítà. A kì í lò wọ́n pọ̀ mọ́ prednisolone, tó jẹ́ oògùn steroid. Ibuprofen àti naproxen tí ènìyàn ń lò lè pa ajá, bó ti wù kí ó kéré tó lójú yín. Fún ajá tó ń ṣàdédé ta gìrì lójú oorun tó sì ń bu ibi tí a gé jẹ, dókítà lè fi gabapentin kún un, nítorí irú ìrora bẹ́ẹ̀ máa ń wá láti inú iṣan ìmọ̀lára. Òróró ẹja tó ní omega-3 wúlò, bí a bá ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ti glucosamine, àfikún oúnjẹ tí wọ́n ń tà fún oríkèé, ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára tó lójú mi.

Bí ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bá ṣàdédé kọ̀ láti tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fò wọ ọkọ̀. Bí ó bá kéré, ẹ gbé e mọ́ra. Bí ó bá tóbi, ẹ ki aṣọ ìnura gígùn sábẹ́ ikùn rẹ̀ tàbí sábẹ́ àyà rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún wà, ẹ kó etí aṣọ náà méjèèjì jọ sókè ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi gba ìwúwo rẹ̀ bí ó ti ń lọ.