Mo Fi Sìgá Sílẹ̀, Ara Mi Wá Ń Sanra: Ohun Tí Mo Ṣe Sí I

Ihò kẹta lára bẹ́líìtì mi ni mo ti ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn tí mo fi sìgá sílẹ̀, kò ṣe é fà dé ibẹ̀ mọ́, mo bọ́ sí ihò kejì. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, èyí tó wà létí awọ pátápátá ni mo ń lò. Mo gun òṣùwọ̀n: kílò 77. Kílò 71 ni mo wọ̀n nígbà tí mo mu èyí tó kẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹẹrẹ.

Ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo ti ń jẹun, ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ọdún 19 ni mo fi mu sìgá, mẹ́wàá lójúmọ́, ìgbà míì á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú padà sídìí nǹkan yín, ẹ ti sanra jù." Kò gbèrò ibi sí mi, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dá èèyàn padà sínú èéfín, ó sì dùn mí. Kílò mẹ́fà kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí sìgá ń fi ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe.

Nọ́ọ̀sì kan ló là á yé mi. Ó ní nikotíìnì inú sìgá máa ń pa ebi, ó sì máa ń mú kí ara jó oúnjẹ díẹ̀ sí i, kódà béèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Tí kò bá sí nínú ara mọ́, ebi á padà, ara á sì dẹwọ́. Ọ̀pọ̀ tó bá fi sìgá sílẹ̀ ló máa ń fi nǹkan bíi kílò 4 sí 5 kún un láàárín ọdún kìíní, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì máa ń yá jù. Ó ní, "Bàbá, ẹ má tíì fi ebi pa ara yín o. Ẹ jẹ́ kí sìgá kọ́kọ́ lọ ná." Mo gbà á gbọ́, mi ò sì kábàámọ̀.

Ohun tí mo wá fojú ara mi rí nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi ń bu gbẹ̀gìrì àti ewédú, àtẹnu ọ̀nà ni òórùn irú inú ọbẹ̀ ti pàdé mi. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí imú mi ti gbóòórùn irú báyẹn! Mo jẹ àmàlà mẹ́ta lórí ìjókòó kan, mo tún ń wo ìkòkò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé láti ọjọ́ yìí wá, sìgá ló ń sọ fún mi pé oúnjẹ ti tán. Mà á fọwọ́, mà á bọ́ síta, mà á ṣáná sí i. Nígbà tí kò sí mọ́, kò sí ohun tó ń gbé mi kúrò nídìí abọ́.

Mo wá ohun míì tí yóò máa parí oúnjẹ: pákò. Bí mo bá ti fọwọ́ tán, mo ti ki orín ata bọ ẹnu, mo ti jáde. Ó máa ń ta ahọ́n díẹ̀, okùn rẹ̀ á máa tú sí eyín ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé, ọwọ́ á rí nǹkan dì mú, ẹnu náà á rí iṣẹ́ ṣe. Àmàlà padà sí méjì. Bisíkíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí mo fi dípò sìgá ní oṣù kìíní, méjì mẹ́ta lójúmọ́, àwọn ló ba nǹkan jẹ́ jù. Àgbálùmọ̀ ni mo fi rọ́pò wọn, torí àsìkò rẹ̀ ni. Ó kan, ẹ sì lè máa jẹ èèpo rẹ̀ lẹ́nu títí bíi ṣingọ́ọ̀mù. Nígbà tí kò sí lọ́jà mọ́, kùkúmbà àti kárọ́ọ̀tì ló kàn.

Mo tún ra tíì kan tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé. Ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ mẹ́rin ni mo rí. Kílò kan lọ, ó padà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná owó yín síbẹ̀.

Ti ìrìn ló ṣe mí lóore jù. Òǹgbẹ sìgá kì í pẹ́, ìṣẹ́jú mélòó kan ni, bó bá ti gorí ni yóò tún rọlẹ̀. Mi ò fagi lé ìsinmi tí mo máa ń jáde fún nídìí ẹ̀rọ, mo kàn yí ohun tí mò ń fi í ṣe padà: mà á rìn kánkán dé ìdí afárá Mọ́kọ́lá, mà á padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, mo ti kọjá ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má dín.

Láàárọ̀ Sátidé, Òkè Àrẹ ni mò ń gùn, níbi tí Láyípo wà, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ n'Ìbàdàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró, tí mo fọwọ́ ti orúnkún, tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ní oṣù Agẹmọ, mo gùn ún tán láìdúró. Mo dúró lókè, mo ń wo òrùlé páànù tó ti pọ́n lọ rẹrẹ, èémí mi ń wọlé, ó ń jáde, kò sí ikọ́ kankan. Omi bọ́ lójú mi.

Oṣù kẹrin ni òṣùwọ̀n ti dúró, láti oṣù kẹfà ló ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àgbálùmọ̀ ti tún ń jáde báyìí. Mo ra márùn-ún lánàá. Kílò 74 ni mo wọ̀n láàárọ̀ yìí, ihò kejì sì ni bẹ́líìtì mi wà.