Bí Onígbàgbọ́ Ṣe Lè Lo Ìbínú Rẹ̀ Láìdẹ́ṣẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a tọ́ dàgbà nínú ìjọ ni ó gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí inú bí onígbàgbọ́, nítorí náà a ń rẹ́rìn-ín lójú, a sì ń di ìbínú sínú. Ìwé Mímọ́ kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Nínú Máàkù 3:5, Jésù fi ìbínú wo àwọn tí kò fẹ́ kí ó mú ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ rọ lára dá ní Ọjọ́ Ìsinmi, inú rẹ̀ bàjẹ́ nítorí líle ọkàn wọn, ó sì wo ọkùnrin náà sàn. Pọ́ọ̀lù náà kò ní kí àwọn ará Éfésù má bínú. Ohun tí ó wí ni pé kí wọ́n má ṣẹ̀, kí oòrùn má sì wọ̀ bá ìbínú wọn (Éfésù 4:26).

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn kan tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ní Yàgbà, Ìjùmú tàbí Kàbà. Àsìkò kaṣú dé, o dé oko, o sì rí i pé wọ́n ti ṣa gbogbo kóró abẹ́ igi tí ó wà ní apá tìrẹ nídìí pèrègún tí bàbá yín fi pa ààlà láàárín ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ. Má ṣe kọjá sí oko rẹ̀ ní wákàtí náà, má sì pè é lórí fóònù. Jókòó, kí o sì dáhùn ìbéèrè tí Ọlọ́run bi Kéènì nínú Jẹ́nẹ́sísì 4:6, pé èé ṣe tí inú fi ń bí ọ. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún Ọlọ́run bí ó ti rí gan-an, nítorí Dáfídì pàápàá ráhùn sí i nínú Sáàmù 13. Bóyá owó kaṣú kọ́ ni ó ń dùn ọ́, bí kò ṣe pé nígbà tí a pín ogún, ibi tí ilẹ̀ ti dára ni a fún un. Bí o kò bá rí ìdí yìí, kaṣú ni ìwọ yóò máa jà sí lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn èyí, lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan, gẹ́gẹ́ bí Mátíù 18:15 ti wí. Ibí yìí ni mo rí i pé a ti ń kùnà jù: a ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àdúrà, a ó pè é ní ẹ̀bẹ̀, ẹni tí ó kàn yóò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kí i bí ó ti yẹ kí àbúrò kí ẹ̀gbọ́n, béèrè àlàáfíà ilé, kí o wá sọ ohun tí o rí, láìsọ irú ènìyàn tí ó jẹ́: “Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé wọ́n ti ṣa kóró abẹ́ igi tó wà lápá tèmi. Ṣé ẹ mọ̀ nípa rẹ̀?” Nígbà náà, dákẹ́ kí o gbọ́, ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ tí ó rán lọ ni kò mọ ààlà.

Bí ó bá kọ̀, mú ẹnì kan tàbí méjì lọ, kí àwọn àgbà ẹbí tó dá sí i. Ìdáríjì kò ní kí o fi ilẹ̀ rẹ sílẹ̀. Ẹ lè jọ gbin pèrègún tuntun sí ibi tí ti àtijọ́ ti kú. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ti lù ọ́ rí, tàbí tí ó ti fa àdá yọ sí ọ, má ṣe dá nìkan lọ bá a rárá.