Bí jíìpù mi ṣe jáde nínú iyanrìn Àgbádárìgì

Létí òkun Àgbádárìgì ni jíìpù mi ti rì sínú iyanrìn. Mo ti yí i sí 4H, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fa ọkọ̀, síbẹ̀ tí mo bá tẹ iná, ńṣe ni ohùn ẹ́ńjìnnì ń lọ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Àmì ọkọ̀ tó ń yọ̀ wá ń ṣẹ́jú sí mi lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Traction control ni. Tí táyà bá ti ń yí lásán, á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, á tún fi bíréèkì mú táyà náà. Ó dáa lójú ọ̀dà nígbà òjò. Nínú iyanrìn, ọkọ̀ tó bá ti dúró, ó rì nìyẹn.

Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tó. Mo wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 3, ó pa pátápátá. (Inú ìwé ọkọ̀ ló wà, èmi ni mi ò ṣí i rí.) Mo jò afẹ́fẹ́ táyà kù láti 35 sí 18 psi (òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà) kí wọ́n lè tẹ́ lórí iyanrìn, mo fọwọ́ gbọ́n iyanrìn kúrò lẹ́yìn wọn, mo sì fi rìfáàsì gba ojú ipa tí mo bá wọlé, láìgbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Ó jáde!

Bí mo ṣe dé ọ̀dà, mo tan traction control padà, mo rọra wa ọkọ̀ lọ bá fọkanáísà.