Mo mu júùsì bẹ́rì, ṣúgà mi wá fò sókè: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ara mi le, mi ò ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ní bẹ́rì (àwọn èso kéékèèké bíi strawberry àti cranberry) dáa fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ìdí tí mo fi ń mu júùsì cranberry láràárọ̀ nìyẹn. Mo wá yá mita tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan, mo wò ó lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 158 ló gbé wá! Àbí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bọ̀ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ẹni tára ẹ̀ le náà, tó bá mu nǹkan dídùn, láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 60 ni ṣúgà ẹ̀ máa ń ga jù, àsìkò yẹn gan-an lẹ sì lọ gún ìka. Èyí táwọn dókítà ń wò ni ti àárọ̀ kẹ́ ẹ tó fẹnu kan nǹkan, ìyẹn ò gbọdọ̀ tó 100 mg/dL (5.6 ni lórí mita tó ń ka mmol), àti ti wákàtí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá fún yín ní glúkóòsì giráàmù 75 mu, ìyẹn náà ò gbọdọ̀ tó 140.

Ìgò júùsì yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Cranberry fúnra ẹ̀ kan gógó, ṣúgà inú ẹ̀ ò ju bíi giráàmù 4 lọ nínú giráàmù 100, ta ló fẹ́ mu omi ẹ̀ lásán ní kọ́ọ̀pù kan láìfajú ro? Ìdí tí wọ́n fi ń da ṣúgà sí i nìyẹn. Ẹ yí ìgò yẹn padà kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí "cocktail" tàbí "drink" níbẹ̀, kọ́ọ̀pù 240 ml kan lè ní tó ṣúgà giráàmù 30, ìyẹn ju ṣíbí tíì méje lọ. Bẹ́ẹ̀ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí irú ṣúgà yìí má kọjá bíi giráàmù 50 lójúmọ́ fún ẹni tó ń jẹ oúnjẹ kálórì 2,000, tó bá lè mọ ní 25 gan-an ló dáa jù, wọ́n sì ka ṣúgà inú júùsì gidi tí wọn ò fi nǹkan kan sí náà mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Ṣé irọ́ ni wọ́n wá ń pa nípa bẹ́rì ni?

Ìdáhùn: Irọ́ kọ́, wọ́n kàn sọ ọ́ kọjá bó ṣe mọ ni. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Finland fún èèyàn 12 tára wọn le ní ṣúgà giráàmù 35, lọ́jọ́ kan wọ́n pò ó mọ́ bẹ́rì lílọ̀ giráàmù 150 (bilberry, blackcurrant, cranberry àti strawberry), lọ́jọ́ kejì ṣúgà yẹn nìkan láìsí bẹ́rì. Lọ́jọ́ tí bẹ́rì wà níbẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré sí ti ọjọ́ kejì ní ìṣẹ́jú 15 àti 30, ìṣẹ́jú 45 ló tó dé góńgó dípò 30, kò sì já wálẹ̀ lójijì, kódà ní ìṣẹ́jú 150 òun ló ga díẹ̀ ju ti ọjọ́ kejì lọ. Ẹ ò rí i pé ṣúgà yẹn ò sọnù? Wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn nǹkan tó ń fún bẹ́rì láwọ̀ dúdú àti pupa yẹn ló ń dí àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ ṣúgà lọ́wọ́, wọn ò sì jẹ́ kí glúkóòsì tètè gba ara ìfun wọlé, bí èrò tí wọ́n ní kó máa tò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì rántí pé odindi bẹ́rì ni wọ́n lọ̀ o, wọn ò sẹ́ ẹ.

Ìbéèrè: Èmi ni mo ń fi bílẹ́ńdà lọ tèmi nílé, mi ò fi ṣúgà sí i rárá, ó ṣì ń ga.

Ìdáhùn: Kí lẹ fi sí i? Oyin ni àbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, àbí júùsì ápù lẹ fi pò ó? Ṣúgà ni gbogbo ẹ̀, ara ò mọ̀ pé oyin ni. Tẹ́ ẹ bá sì ń sẹ́ ẹ, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀, èèpo àti fáíbà tẹ́ ẹ ń dà nù nínú asẹ́ yẹn gan-an lẹ nílò.

Ìbéèrè: Mo gún ìka méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan 171, èkejì 118. Mita ti bàjẹ́ àbí?

Ìdáhùn: Ìka wo lẹ fi mú strawberry? Omi èso tó bá gbẹ sórí ìka máa ń pò mọ́ ẹ̀jẹ̀, ṣúgà ìka lẹ wọ̀n yẹn. Ẹ má fi spirit nu ún kẹ́ ẹ ní ó ti tán o, kì í tán. Ọṣẹ àti omi ni, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ dáadáa torí omi náà ń dà á rú. Mita tó dáa gan-an lè fi bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀.

Ìbéèrè: Tí mo bá mu ún láìtíì jẹun, ara mi máa ń gbọ̀n ní nǹkan bíi wákàtí méjì sí i.

Ìdáhùn: Ṣúgà yẹn sáré wọlé, ara tú ínsúlínì (èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀) jáde, ó wá pọ̀ jù. Ẹ fi oúnjẹ tì í, ẹyin tàbí ẹ̀pà, kẹ́ ẹ sì dín kọ́ọ̀pù kù. Tẹ́ ẹ bá wò ó nígbà tára ń gbọ̀n tẹ́ ẹ rí i pé kò tó 70, tàbí ti àárọ̀ ń lé ní 100 ní gbogbo ìgbà, ẹ lọ jẹ́ kí dókítà fa ẹ̀jẹ̀ yín fún tẹ́ẹ̀sì HbA1c, èyí tó ń fi hàn bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ṣe rí láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta.