Bí A Ṣe Tún Aago Eré Tí Kò Ṣí Ṣe ní Ìlọrin

Èmi ni olórí rẹfirí nínú ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama kan gbá ní Ìlọrin. Ìpele kẹrin ti ń parí lọ, ìṣẹ́jú àáyá 41.3 ló kù lójú aago, ikọ̀ tó ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ni wọ́n sì ń fi àmì méjì nà. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀yìn ìlà, ẹni tí wọ́n jù ú sí fọwọ́ kàn án, mo sì sọ ọwọ́ mi kalẹ̀ láti fi hàn pé kí aago máa lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, 41.3 náà ló ṣì wà níbẹ̀.

N kò fọn fèrè lójú ẹsẹ̀, nítorí pé bí mo bá dá eré dúró nígbà tí ikọ̀ kan ń kọlu èkejì, mo ti gba àǹfààní lọ́wọ́ wọn. Mo dúró títí ẹni tó ń dènà fi gbá bọ́ọ̀lù náà jáde, lẹ́yìn náà ni mo lọ bá àwọn tó wà nídìí tábìlì. Olùtọ́jú aago ti tẹ bọ́tìnì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bọ́tìnì náà kò mú.

Rẹfirí kò gbọdọ̀ fojú díwọ̀n irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò gbé ìṣirò rẹ̀ lé. Aago kejì, tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá 24 tí ikọ̀ kan ní láti fi ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ti bẹ̀rẹ̀ lásìkò, 17 ló sì dúró sí. Méje ti lọ nìyẹn. Rẹfirí kejì ní lẹ́yìn tí agbábọ́ọ̀lù náà kọjá ìlà àárín tí wọ́n sì ká a mọ́, òun ti ka mẹ́ta lé e lórí nínú ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tí ẹni tí wọ́n ká mọ́ lè fi di bọ́ọ̀lù mú, èyí sì bá ìṣirò náà mu. A yọ 7 kúrò nínú 41.3, ó ku 34.3.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ tí wọ́n ń nà, tó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí, fajú ro. Ó ní, “Ṣé àwa la ba aago jẹ́ ni?”

Mo ní, “Rárá o, ẹ má bínú, bàbá. Àwọn ọmọ yín ti lo àkókò náà, aago ni kò kà á.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ìdá ìṣẹ́jú àáyá pàápàá níye: bí 0.3 bá kù, agbábọ́ọ̀lù ṣì lè gba bọ́ọ̀lù kí ó sì jù ú, ṣùgbọ́n bí 0.2 bá kù, àfi kí ó fọwọ́ ta á tàbí kí ó kì í bọ àwọ̀n láti òkè. Òfin gbà wá láàyè láti tún àṣìṣe aago ṣe títí olórí rẹfirí yóò fi fọwọ́ sí ìwé àmì, síbẹ̀ ó dára kí a tètè ṣe é kí àmì mìíràn tó wọlé.

A fi aago kejì sílẹ̀ lórí 17. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù wọlé, n kò sì mójú kúrò lára aago ńlá títí mo fi rí i tí 34.3 di 34.2.