Bí iná dáṣíbọọ̀dù bá tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹ bá sítáàtì mọ́tò tí iná ABS (ti bíréèkì), VSC (ti ètò tí kì í jẹ́ kí mọ́tò yọ̀ lójú ọ̀nà) àti check engine (ti ẹ́ńjìnnì) jọ tàn, ẹ má tíì fowó ra nǹkan kan. Ó ṣọ̀wọ́n kí nǹkan mẹ́ta bàjẹ́ pọ̀ lójijì.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sítáàtì: èyí tó kún dáadáa á tó 12.6 volt. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.7, bí kò bá gòkè, ẹ fura sí alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń cháàjì bátìrì. Ẹ tún wo orí bátìrì bóyá ó ti hu ìdọ̀tí funfun, kí ẹ sì mi wáyà dúdú tó so mọ́ ara mọ́tò wò bóyá ó ti dẹ̀. Iná tí kò tó a máa da orí àwọn kọ̀ǹpútà inú mọ́tò rú.

Ti Toyota tún yàtọ̀: check engine nìkan lè mú VSC tàn, kódà kó jẹ́ ìdérí táǹkì epo ni kò dé dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni scanner, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe látinú kọ̀ǹpútà mọ́tò. Ẹ ya fọ́tò àwọn kóòdù kí rewáyà tó pa wọ́n rẹ́. Àwọn kan á kàn pa á rẹ́, wọ́n á gbowó.

Iná pupa ti ọ́ìlì tàbí ti ẹ́ńjìnnì tó gbóná kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o: ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ pa mọ́tò.