Àwọ̀ Fọ́tò Rẹ Ń Yí Padà Lórí Fóònù Ẹlòmíràn? Àwọn Àṣìṣe Tó Yẹ Kí O Ṣọ́ra Fún

Aṣọ pupa tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà rẹ dé orí fóònù oníbàárà, ó di rẹ́súrẹ́sú. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sáré ṣe ni pé wọ́n á tún fáìlì ṣí, wọ́n á fi kún saturation (bí àwọ̀ ṣe jinlẹ̀ tó), wọ́n á fi òmíràn ránṣẹ́. Má dán an wò. Lórí fóònù tó ń gbé àwọ̀ bó ṣe yẹ, pupa yẹn á wá máa ta ojú. Edit rẹ kọ́ ló sábà máa ń burú. Ibi tó o ti ń gbé fáìlì jáde (export) ni kí o yẹ̀ wò.

Nọ́ńbà tó wà nínú fọ́tò, bíi pupa 200, àwọ̀ ewé 60, búlúù 60, kò tíì sọ àwọ̀ kan pàtó. Profáìlì tó bá a rìn ló ń sọ fún ẹ̀rọ irú pupa tí 200 yẹn jẹ́. Ọ̀pọ̀ áàpù gbà pé sRGB, profáìlì tí HP àti Microsoft gbé jáde lọ́dún 1996, ni gbogbo fọ́tò. Tó o bá wá fi Adobe RGB, profáìlì mìíràn tó fẹ̀ ju sRGB lọ, gbé JPEG jáde, áàpù tí kì í wo profáìlì á ka nọ́ńbà rẹ̀ bí ti sRGB, àwọ̀ á sì ṣá. ProPhoto RGB tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpele 256 péré ni JPEG ní fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ProPhoto sì fẹ̀ débi pé ìpele wọ̀nyẹn á jìnnà síra wọn, ojú ọ̀run tó yẹ kó tẹ́jú á di ìlà-ìlà. Fi ProPhoto ṣiṣẹ́ nínú fáìlì 16-bit tìrẹ (tí ìpele rẹ̀ pọ̀ ju ti JPEG lọ) tó bá wù ọ́, àmọ́ sRGB ni kí o mú níbi Color Space fún èyí tí àwọn èèyàn máa wò.

Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú jù ni Assign Profile àti Convert to Profile nínú Photoshop. Abẹ́ Edit làwọn méjèèjì wà, wọ́n fara kọ́ra, iṣẹ́ wọn ò sì jọ rárá. Assign kàn ń pààrọ̀ orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fáìlì ni: nọ́ńbà ò yí, àwọ̀ ló ń yí. Convert ń tún nọ́ńbà ṣírò kí àwọ̀ má bàa yí. Tó o bá tẹ OK tí àwọ̀ ara ẹni inú fọ́tò yí bírí lójú ẹsẹ̀, Assign lo tẹ̀ yẹn, tètè undo. Fáìlì tó ti sọ profáìlì rẹ̀ nù, tó o sì mọ èyí tó ní tẹ́lẹ̀, ni Assign wúlò fún. Yàtọ̀ síyẹn, mi ò rí ohun tí èèyàn ń fi í ṣe.

Má sì yọ àmì kúrò níbi Embed Color Profile, tó ń fi profáìlì sínú fáìlì, torí kí fáìlì lè fúyẹ́. Kìlóbáìtì díẹ̀ ni profáìlì sRGB.

Ojú kọ̀ǹpútà náà a máa purọ́. Tí Night Shift, ètò tó ń dín búlúù skirini kù lálẹ́, bá wà ní títàn nígbà tó ò ń ṣe edit lóru, skirini ti pọ́n rúsúrúsú. Wàá máa fi búlúù kún fọ́tò láìmọ̀, tílẹ̀ bá mọ́, gbogbo ojú inú rẹ̀ á dà bíi ti ẹni tí òtútù mú. Pa á, pa True Tone pẹ̀lú, èyí tó ń yí àwọ̀ skirini padà bá ìmọ́lẹ̀ yàrá mu. Má tan ìmọ́lẹ̀ skirini dópin, torí fọ́tò náà á ṣókùnkùn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣe calibration (títún àwọ̀ skirini tò kó lè péye) sábà máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí 120 cd/m², wọ́n á sì gbé àwọ̀ funfun rẹ̀ sí 6500 K.

Má fi fóònù kan ṣoṣo dájọ́. Ọ̀pọ̀ Samsung ló ní Vivid, ètò skirini tó ń fi kún àwọ̀. Gbé e sí Natural kí o tó wò ó. Èyí tó bá sì gba WhatsApp kọjá, fi ránṣẹ́ bíi Document, kí WhatsApp má bàa fún un pọ̀, kí o tó sọ pé àwọ̀ yí.